Ọdún Kan Lórí Irun àti Awọ Ara

Irun orí ènìyàn dúdú kì í sábà hù tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Bí oṣù méjìlá bá pé, ohun tó kún un kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ìyẹn bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Awọ ara ní tirẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìpele òkè rẹ̀ á ti ṣí dànù, tuntun á sì ti gba ipò rẹ̀. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, irun á fi àtẹ́lẹwọ́ kan gùn sí i, awọ á sì ti pààrọ̀ aṣọ nígbà méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n tó dára ni ọdún kan jẹ́, nígbà náà, fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọṣẹ, ìpara, rílásà àti irun dídì ń ṣe lára. Ohun tí a lò lẹ́ẹ̀kan lè má fi àmì kankan hàn. Ohun tí a lò fún odidi ọdún kì í pamọ́.

Ìmọ̀ yìí ní ojúlé tirẹ̀ ní Èkó. Nítòsí ibùdókọ̀ Cappa ní Òṣòdì ni Federal Institute of Industrial Research wà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FIIRO. Ọdún 1956 ni ìjọba dá a sílẹ̀ láti wá bí a ṣe lè sọ ohun tí ilẹ̀ Nàìjíríà ń mú jáde di ọjà, kí a sì tún ọ̀nà tí àwọn baba ńlá ń gbà ṣe nǹkan ṣe. Ní Òṣòdì kan náà ni yàrá àyẹ̀wò ńlá ti NAFDAC wà, àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ, oògùn àti ohun ìpara. Ọ́fíìsì tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti ìpara ti ń forúkọ ọjà wọn sílẹ̀ wà ní Ìsọlọ̀, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Apápá. Láàárín àwọn ilé wọ̀nyí ni ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ìsọ̀ onígbàjámọ̀ àti àtẹ àwọn tó ń ta ìpara kún títí. Ọ̀nà tó wà láàárín yàrá àyẹ̀wò àti ṣọ́ọ̀bù onídìrí kò jìn rárá lórí ilẹ̀. Kí ìmọ̀ rìn ín já ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Bí irun ṣe rí

Irun tí ojú ń rí ti kú. Ibi tó ti wà láàyè ni gbòǹgbò rẹ̀, nínú ihò tóóró kan lábẹ́ awọ orí, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gbé oúnjẹ wá fún un. Orí àgbàlagbà a máa ní nǹkan bí irun 100,000, ìgbà mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń là kọjá. Ìgbà ìdàgbà lè gba ọdún méjì sí mẹ́fà. Ìgbà ìdẹ̀rẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Ìgbà ìsinmi tó bí oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn rẹ̀ ni irun náà á bọ́ kí òmíràn lè jáde. Nítorí náà, kì í ṣe àìsàn bí irun 50 sí 100 bá bọ́ lójúmọ́. Ìdí nìyí náà tí ibà líle tàbí ìbímọ kì í fi í mú irun bọ́ lójú ẹsẹ̀. Irun púpọ̀ máa ń wọ ìgbà ìsinmi lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ìnira ara, oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á wá bọ́. Ìyá ìkókó tí irun rẹ̀ kún òòyà ní oṣù kẹta kò ní láti wá ẹni tó ṣe é. Bí ara bá ti padà sípò, irun náà á hù.

Èròjà tó di irun ni kẹ́rátíìnì, òun náà ló wà nínú èékánná àti ìwo màlúù. Okùn kẹ́rátíìnì so mọ́ ara wọn pẹ̀lú ìdè imí-ọjọ́, ìdè yìí ló ń fún irun lágbára, tó sì ń jẹ́ kó dúró bó ṣe rí. Irun ènìyàn dúdú kò yí po bí abẹ́rẹ́. Bí a bá gé e, tí a fi ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá wo ojú ibi tí a gé, ó tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ihò tó ti jáde náà sì tẹ̀ kọ́rọ́. Ìdí nìyí tó fi ń ká. Gbogbo ibi tó bá ti ká ni ó ti rọrùn láti ṣẹ́, epo tí awọ orí ń sun kì í sì í rọrùn fún láti gba àwọn kọ́rọ́ náà kọjá dé ìparí irun. Ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń sọ pé irun àwọn kì í hù. Irun wọn ń hù ní gbòǹgbò. Ó ń ṣẹ́ ní ìparí ni.

Irun tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30 ti lo bí ọdún mẹ́ta. Gbogbo oòrùn tó pa á, iná díráyà tó ràn án, òòyà tó fà á àti rílásà tó kàn án láti ọdún mẹ́ta ni ìparí rẹ̀ ṣì ń gbé kiri. Nítorí pé ó ti kú, kò lè wo ara rẹ̀ sàn. Ìpara lè bò ó, ó lè mú un dán, ó lè dín ìfàmọ́ra òòyà kù, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí irun ń jẹ kò gba orí wọlé. Ẹnu ló ń gbà wọlé, ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ ni.

Bí awọ ṣe rí

Awọ ni ẹ̀yà ara tó fẹ̀ jù. Ìpele òkè rẹ̀ tò bí ògiri: sẹ́ẹ̀lì tó ti gbẹ ni búlọ́ọ̀kù, ọ̀rá tó wà láàárín wọn ni sìmẹ́ǹtì. Ògiri yìí ni kì í jẹ́ kí omi ara jáde kọjá ìwọ̀n, tí kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn wọlé. Ojú awọ kan díẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n pH, tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14, tí omi lásán wà ní 7, nǹkan bí 5 ni awọ wà. Kíkan díẹ̀ yìí kò bá ọ̀pọ̀ kòkòrò lára mu. Ọṣẹ tí a fi epo àti eérú tàbí kọ́sítìkì sódà sè máa ń wà láàárín 9 sí 10, ìdí nìyẹn tí awọ fi máa ń fún pọ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, tó sì ń gbà á ní wákàtí mélòó kan kó tó padà sípò rẹ̀.

Nísàlẹ̀ ìpele òkè yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe mẹ́láníìnì wà, aró tó fún awọ ní àwọ̀ rẹ̀. Iye sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lára òyìnbó àti ènìyàn dúdú. Ohun tó yàtọ̀ ni pé hóró mẹ́láníìnì ara ènìyàn dúdú tóbi jù, ó pọ̀ jù, ó sì fọ́n ká dáadáa. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, mẹ́láníìnì máa ń kóra jọ sórí ààrin rẹ̀, ibi tí àṣẹ ìdàgbà sẹ́ẹ̀lì wà, láti ṣíji bò ó kúrò lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Agboòrùn ni àwọ̀ dúdú jẹ́. Àfín, tí ara rẹ̀ kì í ṣe mẹ́láníìnì tó, ni ẹ̀rí tó hàn jù: bí kò bá lo fìlà, aṣọ apá gígùn àti ìpara adènà-oòrùn láti kékeré, àrùn jẹjẹrẹ awọ lè tètè kọlù ú.

Ọyẹ́ àti òjò

Ojú ọjọ́ Èkó pín ọdún sí méjì fún irun àti awọ. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá máa ń fa omi kúrò nínú ìpele òkè awọ. Ara á funfun, ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là. Ohun tó yẹ kó yé ènìyàn nihin-in ni pé òrí àti Vaseline kì í fún awọ ní omi. Omi tó bá wà lára awọ ni wọ́n ń sé mọ́bẹ̀. Ìgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú balùwẹ̀, tí ara ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀, ni àkókò tó yẹ láti fi wọ́n para. Ẹni tó bá dúró títí ara fi gbẹ kanrankanran ti sé ìlẹ̀kùn lẹ́yìn tí olè ti jáde. Gílísíríìnì ní tirẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra, nítorí náà ó dára kí a fi òrí tàbí Vaseline bò ó nígbà ọyẹ́. Omi gbígbóná púpọ̀ àti kànìnkànìn líle nígbà ọyẹ́ ń fọ sìmẹ́ǹtì inú ògiri awọ dànù.

Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, òjò á gba ọ̀nà. Irun máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Irun tí a fi iná nà á padà ká, nítorí ìdè kékeré tí ooru tú nínú irun ni omi tún ń dì padà. Kò sí ohun tó bà jẹ́ níbẹ̀. Ewu ìgbà òjò wà níbòmíràn. Irun dídì tó bá tutù tí kò sì tètè gbẹ máa ń di ibùgbé fún olú tíntìntín tí ojú kò rí, ìran èyí tó ń fa lápálápá lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé. Òòyà kan fún orí púpọ̀, aṣọ ìnura kan fún oníbàárà púpọ̀ àti máṣíìnì ìgẹrun tí a kò nù ni ọkọ̀ tí lápálápá ń wọ̀ láti orí kan sí èkejì.

Òrí, ọṣẹ dúdú àti òróró àgbọn

Ìtọ́jú ara nílẹ̀ Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ike. Òrí ń wá láti inú kóró èso igi kan tó ń hù ní agbègbè Ṣakí, ní Kwara, ní Niger àti jákèjádò ilẹ̀ ọ̀dàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Oleic acid àti stearic acid ló pọ̀ jù nínú ọ̀rá rẹ̀: àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ kó yọ́ lórí awọ, èkejì ló ń jẹ́ kó dì nínú igbá. Ó tún ní ìpín kan tí kì í di ọṣẹ bí a bá tilẹ̀ fi eérú sè é, ìpín yìí sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju inú ọ̀pọ̀ òróró lọ. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìpara ní Yúróòpù fi ń ra òrí.

Ọṣẹ dúdú jẹ́ iṣẹ́ kẹ́místírì tó péye. Èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a sun di eérú ní èròjà potassium púpọ̀. A ó da omi sí eérú náà, a ó sẹ́ ẹ, omi tó bá jáde á sì máa ta ọwọ́. Bí a bá sè é pọ̀ mọ́ àdín, ọ̀rá àdín á pínyà: apá kan á di ọṣẹ, apá kejì á di gílísíríìnì, èyí tó máa ń wà nínú ọṣẹ náà. Potassium ló mú kí ọṣẹ dúdú rọ̀. Kọ́sítìkì sódà, tó ní sodium, ló ń mú ọṣẹ ìfọṣọ le. Ìṣòro tó wà nínú iṣẹ́ àtọwọ́dọ́wọ́ yìí ni pé agbára eérú kì í dọ́gba láti ìkòkò kan sí òmíràn. Bí omi eérú bá pọ̀ ju àdín lọ, ọṣẹ náà á ta awọ. Ibí ni yàrá ìwádìí ti wúlò: a lè wọn agbára omi eérú kí a tó da àdín sí i, kí a sì wọn pH ọṣẹ tó bá jáde. FIIRO ń kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí ọṣẹ àti ohun ìpara, kí ohun tí ìyá àgbà ń fi ahọ́n tọ́ wò lè di ohun tí ènìyàn lè tún ṣe bákan náà lọ́la.

Òróró àgbọn náà ti gba ìdánwò. Ní 2003, àwọn olùwádìí ní Íńdíà gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti fi í wé òróró sunflower àti òróró mineral lára irun. Òróró àgbọn nìkan ló dín kẹ́rátíìnì tó ń sọnù kù dáadáa, yálà a fi pa irun kí a tó fọ̀ ọ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí ni pé lauric acid inú rẹ̀ kéré, ó sì tọ́, nítorí náà ó lè wọ inú irun, nígbà tí àwọn yòókù dúró sí ìta.

Ohun àbáláyé pẹ̀lú ní ààlà tirẹ̀. Ewé làálì gidi máa ń fi àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú, tó ń dúdú kíá, sábà máa ń ní aró irun tó ń jẹ́ PPD nínú, ó sì ti fa ojú ọgbẹ́ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Rílásà

Rílásà ni ìpara tí ń na irun. Èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú oríṣi kan ni sodium hydroxide, ìyẹn kọ́sítìkì sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ mọ̀. Oríṣi kejì, tí wọ́n kọ «no lye» sí lára, ń po calcium hydroxide mọ́ guanidine carbonate. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe: wọ́n ń já ìdè imí-ọjọ́ inú irun, wọ́n sì ń fi ìdè mìíràn tí kì í tú padà rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí irun tí rílásà bá ti nà kì í ká mọ́ títí tuntun fi máa hù, ìdí nìyí náà tí ó fi ń tètè já.

Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Gúúsù Áfíríkà, tí Nonhlanhla Khumalo wà lára wọn, wọn pH rílásà tó wà lọ́jà. Oríṣi méjèèjì, títí kan èyí tí wọ́n ń polówó fún ọmọdé, ló ga dé ibi tó lè jó awọ. Lórí òṣùwọ̀n pH, ìṣísẹ̀ kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Láti 5 tí awọ wà dé 12 tí rílásà máa ń wà jẹ́ ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́wàá. Àkọlé «no lye» kò túmọ̀ sí pé kò lè joni.

Oníbàárà tó bá ń padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ń fi rílásà kan orí ní ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ́dún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ohun tó hù kò ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ. Ibẹ̀ nìkan ló yẹ kí ìpara náà kàn. Irun àtijọ́ tó bá tún kàn ni yóò já. Ìṣe tó bá ìmọ̀ mu ni kí a má fọ orí, kí a má sì họ ọ́ lọ́jọ́ méjì ṣáájú, kí a fi Vaseline bo etí, iwájú àti awọ orí, kí a ka ìṣẹ́jú tó wà lára ike, kí a fọ̀ ọ́ dànù bó bá ti ń ta, kí a sì fi ṣàm̀púù tó ń pa agbára rẹ̀ fọ̀ ọ́. Ìgbàgbọ́ pé bó bá ṣe ń jó ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ti dá ọgbẹ́ sí ọ̀pọ̀ orí.

Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo tuntun ní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Àwọn olùwádìí tẹ̀lé obìnrin 33,947 fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá. 378 nínú wọn ní jẹjẹrẹ ilé-ọmọ. Láàárín àwọn tí kì í lo ohun ìnarun, ìṣirò fi hàn pé ìdá 1.64 nínú 100 ni yóò ní àrùn náà kí wọ́n tó pé ẹni 70 ọdún. Láàárín àwọn tó ń lò ó ju ìgbà mẹ́rin lọ lọ́dún, ó jẹ́ 4.05. Ìwádìí náà fi hàn pé méjèèjì ń rìn pọ̀. Kò tọ́ka sí èròjà kan pàtó pé òun ló fà á. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi àkókò tó wà láàárín rílásà méjì kún, tó lò ó nígbà mẹ́ta dípò mẹ́jọ, ti dín ohun tí ara rẹ̀ ń gbà kù, irun rẹ̀ á sì nípọn sí i.

Irun dídì tó le

Ṣùkú, pàtẹ́wọ́ àti kọjúsọ́kọ kò ní ẹ̀bi kankan. Ọwọ́ tó fà wọ́n le ló ní ẹ̀bi. Bí a bá ń fa gbòǹgbò irun lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, irun iwájú orí àti ti ẹ̀bá etí ni yóò kọ́kọ́ lọ. Àmì rẹ̀ máa ń tètè hàn: orí fífọ́ lẹ́yìn ìdìrí, awọ orí tó wú sókè pẹ̀lú irun, àti kókó wẹ́wẹ́ bí ìléròrò. Bí a bá tú irun náà nígbà yẹn, gbogbo rẹ̀ á padà. Bí ó bá di ọdún mélòó kan, ihò irun á di àpá, kò sì sí ìpara tó lè ṣí i. Àtásímẹ́ǹtì wúwo lórí irun tó ti gba rílásà ló burú jù. Irun kíkó, tí a fi òwú wé láìlo iná, máa ń na irun láìba ìdè inú rẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa yìí tó ohun tí a lè gbé ga.

Irú irun bíbọ́ kan tún wà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, tó sì ń fẹ̀ síta. Àwọn obìnrin dúdú ló ń kọlù jù, ihò irun á sì di àpá. Ní 2019, ẹgbẹ́ olùwádìí kan tí Ncoza Dlova ti Gúúsù Áfíríkà wà nínú rẹ̀ gbé e jáde pé nínú obìnrin 58 tí wọ́n yẹ̀ wò, 14 ní àyípadà nínú àbùdá kan tó ń jẹ́ PADI3, tó ń ràn án lọ́wọ́ kí irun tò dáadáa. Ó ti hàn gbangba, nítorí náà, pé ìdílé ní ipa nínú rẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo àtàrí tó pá ni onídìrí bà jẹ́. Onídìrí tó bá rí i pé àtàrí oníbàárà ń tàn, tó sì ń dùn ún, yóò ṣe é lóore bó bá ní kó lọ rí dókítà awọ kí ó tó pẹ́.

Ara bíbó

Èròjà mẹ́ta ló gbilẹ̀ jù nínú ìpara tí ń bó ara. Hydroquinone ń dí èròjà tí ara fi ń ṣe mẹ́láníìnì lọ́wọ́. Mákúrì ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ó ń gba awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Sítẹ́rọ́ìdì bíi clobetasol, tí dókítà ń kọ fún ìgbà díẹ̀ láti wo awọ tó ń yún, ń mú kí ara funfun, ṣùgbọ́n ó ń jẹ awọ tín-ín-rín.

Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó máa ń dùn. Bí ọdún bá ń yípo, oríkèé ìka, ìgúnpá àti orúnkún tí kò gbọ́ ti ìpara á dúdú sí i. Hydroquinone tí a lò pẹ́ lábẹ́ oòrùn lè fa àbàwọ́n dúdú olómi búlúù lójú, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ní 1975 ni àwọn dókítà Gúúsù Áfíríkà kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Sítẹ́rọ́ìdì á fa ìlà fífẹ̀ síkùn àti itan, ìrorẹ́ sójú, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sínú ara. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yétúndé Olúmìdé, onímọ̀ nípa awọ ní ilé-ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, tí kò jìnnà sí Òṣòdì, kó àwọn ìpalára wọ̀nyí jọ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 2008. Lára wọn ni ọgbẹ́ tí kì í jinná dáadáa, ohun tó ń kó ìrònú bá dókítà tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tó ti bó ara fún ọdún púpọ̀.

Ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2011 sọ pé ìdá 77 nínú 100 obìnrin Nàìjíríà ló ń lo ohun ìbóra. Ní 2023, NAFDAC, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì ìlera fún orílẹ̀-èdè. Òfin NAFDAC kò fàyè gba mákúrì nínú ìpara, kò sì fàyè gba hydroquinone tó ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Ghana ti dá hydroquinone dúró pátápátá láti 2016. Àdéhùn àgbáyé lórí mákúrì, tí wọ́n pè ní Minamata ní orúkọ ìlú Japan tí mákúrì ti pa ènìyàn púpọ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i.

Láti Ìsọlọ̀ sí Òṣòdì

Ẹni tó bá fẹ́ ta ìpara tàbí ọṣẹ lábẹ́ òfin yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sí NAFDAC, pẹ̀lú àkójọ gbogbo èròjà inú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà á yẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é wò: omi, ilẹ̀, aṣọ òṣìṣẹ́, ìwé àkọsílẹ̀. Àpẹẹrẹ ọjà náà á lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Níbẹ̀, ẹ̀rọ kan máa ń pín àwọn èròjà inú ìpara sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí a lè mọ̀ bóyá hydroquinone tàbí sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀, àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ń wá mákúrì nípa ìmọ́lẹ̀ tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ ń gbé mì. Wọ́n á wọn pH, wọ́n á sì gbin díẹ̀ nínú ìpara náà sínú àwo láti wo bóyá kòkòrò tàbí olú á hù. Bí gbogbo rẹ̀ bá yege, ọjà náà á gba nọ́ńbà tó máa ń lo ọdún márùn-ún kí a tó tún un ṣe.

Ìpara tí wọ́n pò nínú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n dà sínú ike láìní orúkọ, kò gba ọ̀nà yìí kọjá rárá. Ẹni tó pò ó kò mọ ìwọ̀n èròjà inú rẹ̀, ẹni tó rà á kò mọ ohun tó jẹ́. Ara ike tó dára gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, àkójọ èròjà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìpara ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ nínú àkójọ èròjà. Ẹni tó bá rí «mercurous chloride», «calomel» tàbí «clobetasol» níbẹ̀ kò ní ohun mìíràn láti kà. Kó dá a padà sórí àtẹ.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Ọ̀nà tó pẹ́ jù tí iṣẹ́ irun ń gbà dé ọwọ́ ẹni ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á gbálẹ̀, á fọ orí oníbàárà, á mú àtásímẹ́ǹtì dání, títí ọwọ́ rẹ̀ fi máa mọ́, a ó sì ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù fún un. Ọ̀nà yìí ń kọ́ ọwọ́ dáadáa. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni ìdí tí a fi ń ṣe nǹkan bí a ṣe ń ṣe é. Ilé-ìwé náà ti gbà á wọlé. Láti 2011 ni cosmetology ti wà lára iṣẹ́ ọwọ́ 34 tí a lè kọ́ ní ilé-ìwé gíríámà àgbà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní 2025, tí wọ́n dín àwọn iṣẹ́ náà kù sí mẹ́fà, iṣẹ́ ẹwà àti ìtọ́jú ara wà lára wọn.

Ohun mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ ọdún kan kò gbọdọ̀ fò. Àkọ́kọ́ ni ìdánwò ara: kí a tó lo aró tàbí ìpara tuntun, kí a fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí tàbí kọ̀rọ̀ ìgúnpá, kí a sì dúró fún wákàtí 48. Èkejì ni ìmọ́tótó irinṣẹ́. Kòkòrò tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀ B lè wà láàyè fún ọjọ́ méje lórí irin tó gbẹ, nítorí náà onígbàjámọ̀ gbọ́dọ̀ gbọn irun kúrò lára máṣíìnì, kó sì fi ọtí sípírítì pa á lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan; abẹ́ kan ò sì gbọdọ̀ kan orí méjì. Ẹ̀kẹta ni ìwé kíkà lára ike. Ẹ̀kẹrin ni mímọ ìgbà tí iṣẹ́ kọjá ti onídìrí, nígbà tí lápálápá, àpá tó ń fẹ̀ tàbí kókó ẹ̀yìn ọrùn bá ń fẹ́ dókítà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọdún kan ti ṣe lára rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí: kó kọ ọjọ́ tó lo rílásà sílẹ̀, kó kọ orúkọ ìpara tó ra àti nọ́ńbà NAFDAC ara rẹ̀, kó sì wọn irun kan láti gbòǹgbò. Bí oṣù méjìlá bá pé, kó tún un wọ̀n. Bí irun náà bá ti fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá gùn sí i, ohun tó ń lò bá a lára mu. Bí kò bá gùn, irun náà ń ṣẹ́, ìdáhùn sì wà nínú ohun tó kọ sílẹ̀. Kí ó mú ìwé náà lọ bá onídìrí rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ kà á.